Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ má tètè gbà kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwọn tó wà l'Abẹ́òkúta. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbé wá sí Pànṣẹ́kẹ́ àti Òkè-Ìlewò pé kí wọ́n gbé Windows 11 sórí rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, kọ̀ǹpútà á kọ nọ́ńbà àṣìṣe kan sójú, á ní òun ò lọ mọ́. Lójú ẹsẹ̀, oníṣẹ́ á ní, "Àfi ká fọ́máàtì ẹ̀ o." Oníbàárà tí kò mọ̀dí á ní kó máa ṣe é lọ. Àkọsílẹ̀ gbèsè oníṣòwò àdìrẹ n'Ítòkú, iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB tó kù díẹ̀ kó parí, ìwé ìjọ láti ọdún gbọ́nhan, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ.

Ohun tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ ni pé púpọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyí kò béèrè fọ́máàtì rárá. Flash kan tí wọ́n ṣe dáadáa ló ń fẹ́, àti ẹni tó máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kó tó tẹ nǹkan.

Oríṣi flash méjì ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Flash recovery ni èyí tí ẹ fi kọ̀ǹpútà yín gan-an ṣe nígbà tára rẹ̀ ṣì dá. Ẹ tẹ Recovery Drive síbi tí Windows ti ń wá nǹkan, ẹ ṣí i, ẹ rí i pé àmì wà níwájú "Back up system files to the recovery drive", kí ẹ sì ki flash bọ ojú ihò USB. Kò gbọdọ̀ dín sí 16GB. 32GB ló fọkàn ẹni balẹ̀, nítorí Windows 11 tó ti gba àtúnṣe (update) oríṣiríṣi máa ń sanra. Gbogbo ohun tó wà lórí flash náà ni yóò pa rẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún sì lè kọjá wákàtí kan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ti ń ké. Flash bootable, èyí tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà láti gbé Windows sórí rẹ̀, ní tirẹ̀, orí kọ̀ǹpútà Windows mìíràn tára rẹ̀ dá lẹ ti lè ṣe é: ẹ ó gba Media Creation Tool lórí ìkànnì Microsoft, ẹ ó wá flash tí kò dín sí 8GB, ẹ ó sì ra dátà tó tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò nìyí: flash recovery kì í tọ́jú fáìlì yín. Bí ẹ bá fi í tan kọ̀ǹpútà, tí ẹ wá yan "Recover from a drive", fọ́tò, ìwé, gbogbo ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kó síbẹ̀ ni yóò lọ. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ wà lábẹ́ Troubleshoot, ní Advanced options: Startup Repair, Uninstall Updates, System Restore àti Command Prompt (ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ). Àwọn wọ̀nyẹn fúnra wọn kì í pa ìwé tàbí fọ́tò yín rẹ́, àfi bí ẹ bá tẹ àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú Command Prompt. Flash bootable náà ní ojú ewé kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fara pa mọ́ díẹ̀. Bí ó bá béèrè èdè tán, ẹ má tẹ "Install now". Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, "Repair your computer" wà níbẹ̀. Nínú Windows 11 ẹ̀dà 24H2, ó ti di ohun tí ẹ máa yàn lójú ewé kan ṣoṣo pẹ̀lú ìgbéwọlé (gbígbé Windows sórí kọ̀ǹpútà), wọ́n kọ "Repair my PC" sí i. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ máa tún flash recovery ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí èyí tó bá ti pẹ́ máa dá yín padà sí Windows ìgbà tí ẹ ṣe é ni.

Bí ìgbéwọlé bá já láàárín, flash ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nọ́ńbà bíi 0x80070570, 0x8007025D àti 0x80070017 sábà máa ń túmọ̀ sí pé Windows fẹ́ ka fáìlì kan, fáìlì náà kò pé tàbí kò ṣeé kà. Flash ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 64GB sí i lára, ó lè má ju 8GB lọ nínú lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ti kó nǹkan kọjá ibi tó lè gbà, ó lè máa kọ tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ètò kan tó ń jẹ́ H2testw: yóò kọ nǹkan kún flash náà pátá, yóò tún kà á padà, yóò sì sọ iye tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lórí flash ńlá, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí iṣẹ́ dé ìdajì kó dákú.

Dátà tó já náà ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. ISO Windows 11, fáìlì ńlá tó kó gbogbo ohun ìgbéwọlé sínú, lé ní 5GB. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, fáìlì náà lè dé pẹ̀lú àbùkù. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ lọ síbi tí fáìlì náà wà, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà SHA256. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó máa jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tí Microsoft kọ sójú ewé tí ẹ ti gbà á mu pátápátá. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ̀dà Windows tí wọ́n ti gé kúrú, tí wọ́n ń pè ní "Lite", tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì láàárín ìlú, kò ní nọ́ńbà tí ẹ lè fi wé e, wọ́n sì ti yọ irinṣẹ́ ìtúnṣe kúrò nínú ọ̀pọ̀ wọn. A kì í gbà á wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n máa ń ṣí ISO, tí wọ́n á fọwọ́ da fáìlì inú rẹ̀ kọ sórí flash. FAT32, ìlànà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí flash, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4GB, install.wim (fáìlì tó tóbi jù nínú ISO) sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ni wọ́n á bá sọ flash di NTFS, ìlànà mìíràn. Fáìlì á wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà UEFI (ìlànà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn) kì í tan láti orí NTFS, kò sì ní rí flash náà nígbà tí wọ́n bá ń wá a. Ẹ jẹ́ kí Rufus, ètò tó ń ṣe flash bootable, ṣe é fún yín, ó mọ bó ṣe ń yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́. Bí ISO bá wà ní D:, tí flash FAT32 sì wà ní E:, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

Dism /Split-Image /ImageFile:D:\sources\install.wim /SWMFile:E:\sources\install.swm /FileSize:3800

Bí flash bá dá, tí ISO náà dá, tí àṣìṣe kò sì lọ, ẹ gbé flash sí ojú ihò USB mìíràn, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ yẹ RAM (mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà) wò. Bí méjì bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ dán an wò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún dán an wò. Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó yàtọ̀ lójoojúmọ́ sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ RAM; èyí tó ń dúró sójú kan náà, flash tàbí ISO ló sábà máa ń jẹ́.

Láti tan kọ̀ǹpútà sórí flash, HP ń fẹ́ Esc lẹ́yìn náà F9, Dell àti Toshiba, F12, Asus, Esc, Lenovo, F12, àwọn Lenovo míì sì ní ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ máa fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ nígbà tó wà ní pípa. Acer ń lo F12, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ BIOS (ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn) pẹ̀lú F2 kí ẹ yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ lójú ewé tí ẹ ti ń yan flash, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Flash kan ṣoṣo lè fara hàn lẹ́ẹ̀mejì: ìlà kan ní UEFI níwájú orúkọ rẹ̀, ìkejì kò ní. Bí ẹ bá yan èyí tí kò ní UEFI lórí kọ̀ǹpútà tí hard disk rẹ̀ jẹ́ GPT (ìlànà tuntun tí wọ́n fi ń pín disk), Windows á ní òun ò lè wọ orí disk náà torí pé ó jẹ́ "GPT partition style". Oníṣẹ́ tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ìpín orí disk náà rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe disk náà. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ẹ yan ìlà tó ní UEFI, ó parí.

Òdìkejì rẹ̀ ló le díẹ̀: "The selected disk has an MBR partition table." Ẹ̀yin tan láti UEFI, disk ṣì wà ní MBR, ìlànà àtijọ́, Windows 11 sì ń fẹ́ UEFI. Bí Windows àtijọ́ bá ṣì wà lórí disk náà, ẹ lè yí i padà láìpa fáìlì rẹ́. Ẹ tẹ Shift pẹ̀lú F10, ojú dúdú Command Prompt á ṣí. Ẹ tẹ mbr2gpt /validate /disk:0, kí ẹ dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Bí ó bá ní ó dára, ẹ tẹ mbr2gpt /convert /disk:0. Ó máa ń kọ̀ bí ìpín primary bá ju mẹ́ta lọ tàbí tí ìpín extended bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rí i pé UEFI ni BIOS ń lò, kì í ṣe Legacy (ọ̀nà àtijọ́), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tàn.

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí wọ́n tẹ diskpart, select disk 0, clean, convert gpt. Ó yá, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Àṣẹ clean kì í béèrè pé "ṣé ó dá yín lójú?" Bí ẹ bá tẹ Enter, ó tán. Disk 0 kì í sì í ṣe ti inú kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo. Nígbà míì hard disk tí ẹ kó ẹ̀dà fáìlì sí ló máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹ tẹ list disk, ẹ fi ìwọ̀n GB dá wọn mọ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ kúrò lójú ihò USB kí ẹ tó tẹ select.

Láptọ́ọ̀pù tuntun ní wàhálà tirẹ̀. Láti ọpọlọ (processor) Intel ìran kọkànlá sókè, ẹ lè dé ibi tí ẹ ti ń yan disk kí ẹ má rí nǹkan kan, Windows á ní kí ẹ tẹ "Load driver". SSD náà, ìyẹn disk inú rẹ̀, kò kú o; VMD, ètò Intel tó ń ṣàkóso disk, ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, ẹ gba dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí disk) Intel RST fún irú rẹ̀ gan-an. Bí ó bá dé gẹ́gẹ́ bí SetupRST.exe, kò ní wúlò bẹ́ẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ tẹ SetupRST.exe -extractdrivers C:\RST, kí ẹ kó fọ́dà tó jáde sórí flash. Ẹ padà síbi Load driver, ẹ fọ̀nà hàn án, SSD á yọjú. Àwọn kan máa ń wọ BIOS lọ pa VMD. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbéwọlé tuntun, ṣùgbọ́n bí Windows tí ẹ ṣì nílò bá wà lórí SSD náà, ó lè kọ̀ láti tàn lẹ́yìn náà, á máa kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE sójú.

Ní ti Windows tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò tàn mọ́, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná lọ láàárín àtúnṣe, tó wá ń kọ 0xc000000f tàbí 0xc0000225, ẹ fi flash tan kọ̀ǹpútà kí ẹ gbìyànjú Startup Repair. Bí àtúnṣe tuntun ló dá a sílẹ̀, ẹ lo "Uninstall latest quality update". Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ wọ Command Prompt. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sáré tẹ bootrec /fixmbr àti bootrec /fixboot. Lórí kọ̀ǹpútà UEFI, ti àkọ́kọ́ kò wúlò fún nǹkan kan, ìkejì sì sábà máa ń dáhùn pé "Access is denied." Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ tẹ diskpart, lẹ́yìn náà list volume. Ẹ wá ìpín kékeré tó jẹ́ FAT32, ó sábà máa ń jẹ́ 100MB tàbí 260MB. Ká ní nọ́ńbà rẹ̀ ni 3: ẹ tẹ select volume 3, assign letter=S, kí ẹ sì tẹ exit. Ẹ wá tẹ:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Bí ó bá dáhùn pé "Boot files successfully created", ẹ yọ flash, ẹ tún un tàn. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: nínú recovery, lẹ́tà disk lè yí padà, C: yín lè di D:. Ẹ kọ́kọ́ tẹ dir C:\, ẹ wò ó bóyá fọ́dà Users àti Windows wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ kí hard disk máa dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, tàbí tí ìgbéwọlé dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ gbàgbé Windows ná. Ẹ má sáré lo chkdsk /r, ó máa ń lọ disk tó ń kú lọ́rùn ni. Fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jáde. Ẹ ki hard disk ìta bọ̀ ọ́, ẹ tẹ notepad nínú Command Prompt, ẹ lọ sí File, Open, ẹ yí "Text Documents" sí "All Files". Ojú ewé kékeré yẹn á fi gbogbo fọ́dà hàn yín. Ẹ lè dà wọ́n kọ láti ibẹ̀. Kò ní fi ibi tó dé hàn, á kàn dákẹ́, ẹ ní sùúrù. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá pọ̀, kó lo robocopy C:\Users E:\Users /E /XJ /R:1 /W:1, E: ni hard disk ìta. /R:1 yẹn ni kò ní jẹ́ kó máa bá fáìlì tó ti bàjẹ́ jìjàkadì títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Bí disk bá wà lábẹ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, kò sí nínú ìwọ̀nyí tó máa ṣeé ṣe láìsí kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 tó ń ṣí i. Láti ẹ̀dà 24H2, ọ̀pọ̀ Windows 11 tí wọ́n gbé wọlé ní tuntun ń ti disk pa fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, olówó rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì yẹn kan náà, ẹ ó rí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lónìí, kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀.

Ní ti "This PC can't run Windows 11", ẹ tẹ tpm.msc wò. Bí kò bá rí TPM, ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, ẹ wọ BIOS, ẹ wá Intel PTT tàbí AMD fTPM; nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ó wà níbẹ̀, pípa ni wọ́n pa á. Intel tí kò tó ìran kẹjọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kò sí lára èyí tí Microsoft gbà. Rufus lè fọ̀nà ẹ̀bùrú gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà kó tó gbowó. Púpọ̀ kì í sọ ọ́.

Ká má tíì gbàgbé iná. Ṣájà gbọ́dọ̀ wà lára láptọ́ọ̀pù, bátìrì kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan lórí rẹ̀ nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú. Lórí hard disk àtijọ́, ìgbéwọlé lè ju wákàtí kan lọ. Àtúnṣe BIOS ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí bí iná bá lọ níbẹ̀, flash kankan lè má gbà á là mọ́.

Nígbà tí Windows bá ti wọlé, tí kò rí Wi-Fi torí pé kò ní dráífà, ẹ fi okùn USB so fóònù Android mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering kó lè lo dátà fóònù. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ tẹ reagentc /info láti mọ̀ bóyá irinṣẹ́ ìtúnṣe inú Windows wà ní títàn; bí kò bá ní "Enabled", ẹ tẹ reagentc /enable. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó key (nọ́ńbà àṣẹ Windows) lọ́wọ́ yín fún kọ̀ǹpútà tó ti ní Windows tòótọ́ tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá yan "I don't have a product key", tí ẹ sì gbé irú ẹ̀dà kan náà wọlé, Home sí Home, Pro sí Pro, yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe flash recovery tuntun. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lára, orúkọ kọ̀ǹpútà, oṣù àti ọdún, kí ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ ilé pé kì í ṣe flash orin.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà,
Pànṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta.